Níbo ni lẹ́tà O ti wá, kí ló sì ń wí?

Akọ̀wé-Ojú-Pátákó, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣẹ́ àkọlé ni mo ń ṣe, láti 1994. Pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara ọkọ̀ akẹ́rù, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ la máa ń kọ kí àwọn onífílẹ́ẹ̀sì tó wá gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A ò pọ̀ mọ́, àwa tá a ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun.

Nínú gbogbo lẹ́tà, O ló máa ń pa ọmọ iṣẹ́ lẹ́kún. L, T, H, fa ìlà, ó parí. O ò ní ìlà tó gún kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń fa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀: apá òsì láti òkè wá sílẹ̀, apá ọ̀tún láti òkè wá sílẹ̀, kí méjèèjì wá pàdé nísàlẹ̀ kí ojú má sì rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀gá mi tún kọ́ mi ní nǹkan kan: bí ẹ bá fa ìlà ṣọ́ọ̀kì méjì kí lẹ́tà lè dúró sáàárín wọn, O gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ kọjá ìlà òkè, kó sì jókòó díẹ̀ kọjá ìlà ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó bá àwọn tó kù dọ́gba, ẹni tó ń wò ó lọ́nà jíjìn á rí i bíi pé ó kéré. Mo mọ ìyẹn. Mo mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́. Ohun tó gbé mi wá síbí ni èyí tí mi ò mọ̀.

Lóṣù tó kọjá, bàbá onígbàjámọ̀ kan gbé iṣẹ́ fún wa. ỌWỌ́ OLÚWA ló ní ká kọ sójú pátákó òun. Ìsìnkú gbé mi lọ Ìbàdàn, mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo fi dé, ó ti kọ ọ́ tán, wọ́n ti gbé e kọ́. Lẹ́tà yẹn dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sábẹ́ ẹ̀. OWO OLUWA, gàdàgbà báyìí. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta ò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, owó Olúwa lẹ kó jẹ tẹ́ ẹ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, àbí?" Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà wa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ṣé o rò pé ẹ̀ṣọ́ ni àmì abẹ́ yẹn ni?" Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èyí tó ní àmì, kí ló ń wí? Èyí tí ò ní ńkọ́? Ta ló tiẹ̀ ní kó máa rí roboto?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ O. Mo kàn ń wo ọmọ yẹn ni.

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ. Kì í ṣe tìtorí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà nìkan o, ó ti wá di ohun tí mò ń rò bí mo bá dùbúlẹ̀.

Màmá-Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé. Ẹ má fìyà jẹ ọmọ yẹn, ìbéèrè gidi ló bi yín. Ti roboto, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìtàn. "Kí ló ń wí" ni tèmi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà yìí náà ló sì máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi jù.

O nìkan, láì sí lẹ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odidi ọ̀rọ̀ ni. "O ti dé": ìwọ tó wà níwájú mi ni mò ń bá wí. "Ó ti dé": ẹlòmíì ni mò ń sọ. Ohùn yẹn ṣáà ló gòkè díẹ̀, ẹni tá à ń sọ ti yàtọ̀. Kò sì bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ewúrẹ́ ni tàbí òjò. Ẹ wá wo "O ò lọ." O àkọ́kọ́ ni ìwọ. Ò èkejì, kíkọ̀ ni, òun ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró ti ara wọn bí ìbejì tí wọn ò jọra. Mo máa ń kọ gbólóhùn yẹn sí ojú pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n ó ní kí wọ́n sọ fún mi èwo ni tani, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ tún fi í síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, yóò fún yín ní èèyàn. Ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́. Ṣèlú, òṣèlú. Tajà, òǹtajà. Bó bá wá jẹ́ mọ̀wé, ọ̀mọ̀wé ni; dalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ rí i, ó ti gbé àmì wọ̀ fúnra rẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, fáwẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ló ń fà á. Ọkọ mi, ará Ẹ̀kìtì ni, kódà "ó" tèmi yẹn ń yí padà lẹ́nu tirẹ̀: níbi tí mo ti ní "ó lọ", òun á ní "ọ́ lọ". Ogójì ọdún rèé, kò yí, èmi náà ò yí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn. Àwọn kan ní kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Bí àlejò bá ní "Mo ń lọ," ó ń lọ nìyẹn. Bó bá ní "Mo ń lọ o," ó ń dúró kí ẹnì kan sọ pé "kí ló dé, jókòó jẹun." "Ẹ ṣọ́ra," àṣẹ ni. "Ẹ ṣọ́ra o," ẹni yẹn ti rí ejò. Ìyá mi ò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ó mọ lílò rẹ̀. Bí ẹ bá kí i níwájú ilé, "Oo" ni yóò fi dá yín lóhùn, á gùn, ẹ ó sì jókòó. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, "Oo" náà ni, ṣùgbọ́n á kúrú, ẹ ó máa bá tiyín lọ.

Ti àmì abẹ́: fáwẹ̀lì márùn-ún làwọn òyìnbó bá nínú ABD tiwọn, méje sì ni ẹnu wa ń pè. Ibi tí wọn yóò kó méjì tó kù sí ló dìṣòro. Láyé Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ni wọ́n ti fi àmì abẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà; ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 sì fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀. Ẹ ka èyí sétí ọmọ yín: owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀. Ìkẹyìn yẹn, ìgbálẹ̀ ni. Ẹ gba àmì kúrò lórí àti lábẹ́ wọn, OWO márààrún. Ẹ sì wo orúkọ Awólọ́wọ̀, O mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ti àkọ́kọ́ ò ní àmì abẹ́, méjì tó kù ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe ń kọ ọ́, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa la mọ̀, la fi ń kà á re.

Ọmọ-Kéwú, Ìwó

Àsàlámù àlékùn. Màmá ti fi roboto sílẹ̀ fún wa, ẹ jẹ́ kí n gbé e.

Ojú ni. Mi ò pa àṣamọ̀, ojú èèyàn tí à ń fi ríran ni.

Èmi ò kọ́kọ́ bá a pàdé ní ABD, ní ilé kéwú ni. Lórí wàláà, pẹ̀lú tàdáwà, lẹ́tà kan wà tí áfáà wa máa ń tìtorí rẹ̀ nà wá: áínì. Inú ọ̀nà ọ̀fun lọ́hùn-ún ló ti ń jáde, bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun tí kò fẹ́ kí àlejò mọ̀. Ahọ́n Yorùbá ò gbà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a yá tó ní áínì nínú, ńṣe la yọ ọ́ dànù bí egungun: àlàáfíà, Jímọ̀, sáà, wáàsí. Àwọn orúkọ tí áínì bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Àlí, Úmárù, Áíṣátù. Lárúbáwá, gbogbo wọn ń ti ọ̀fun bọ̀. Lẹ́nu tiwa, fáwẹ̀lì lásán la gbọ́, fáwẹ̀lì la sì mú.

Áínì yẹn àti O tí ẹ ń kọ sójú pátákó, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni ojú, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní èdè Hébérù. Ní aṣálẹ̀ Sínáì, níbi tí àwọn ará Íjíbítì ti ń wa òkúta iyebíye kan tó dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọn òṣìṣẹ́ kan tí kì í ṣe ọmọ Íjíbítì fín àwọn àmì kan sára òkúta, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ń jẹ́ Serabit el-Khadim. Flinders Petrie, òyìnbó kan tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́, rí wọn ní 1905, kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1916, Alan Gardiner, ọ̀mọ̀wé nípa èdè Íjíbítì àtijọ́, wo àmì mélòó kan tó máa ń tẹ̀ léra wọn, ó sì kà á: "Báálátì", ìyẹn Olúwa obìnrin, orúkọ tí wọ́n ń pe òrìṣà obìnrin tó wà níbẹ̀. Ojú wà láàárín àwọn àmì yẹn, ojú tí wọ́n yà bí ojú. Ère kékeré kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọgbọ́n tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn dá rọrùn. Ya nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀, kó o sì máa pe ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan. Àwọn ń pe ojú ní ohun tó jọ "áínì", nítorí náà ojú di ìró ọ̀fun yẹn. Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ gbọ́ èyí: ká ní Yorùbá ni wọ́n ni, ojú náà ni wọn ì bá yà, ìró rẹ̀ ì bá sì jẹ́ O láti ọjọ́ yẹn!

Àwọn ará Fòníṣíà, ní etíkun Lẹ́bánọ́nì òde òní, ló wá yọ ìpéǹpéjú àti igun rẹ̀ kúrò, ó ku roboto. Ọ̀dọ̀ wọn làwọn Gíríìkì ti yá a. Gíríìkì náà ò ní ìró ọ̀fun. Ohun tí ẹnu Yorùbá ṣe fún Áíṣátù gan-an lẹnu Gíríìkì ṣe fún lẹ́tà yẹn: wọ́n mú fáwẹ̀lì, wọ́n jọ̀wọ́ ọ̀fun. Bó ṣe di O nìyẹn. Nígbà tó yá, O kan ò tó wọn mọ́, bí kò ṣe tó àwa náà. Àwọn Gíríìkì tó wà ní Ióníà la ìdí rẹ̀, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta lọ́tùn-ún lósì, ó di Ω fún ìró tó gùn. Kékeré ń jẹ́ omikron, ìyẹn "o kékeré". Ńlá ń jẹ́ omega, "o ńlá". Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tí ẹ ń pe Álífà àti Òmégà, o ńlá lẹ̀ ń pè. Álífà ibẹ̀ sì kì í ṣe áfáà àdúgbò o, orí màlúù ni.

Ó ku ẹyọ kan. Áínì ní èdè Lárúbáwá kì í ṣe ojú orí nìkan, ó tún ń jẹ́ ibi tí omi ti ń sun jáde nílẹ̀. Kí làwa ń pe ibẹ̀? Ojúsun. Mi ò sọ pé a jọ wá láti ibì kan náà, àwọn tó ń sọ ìyẹn ti pọ̀ jù. Mo kàn ní ẹni tó bá wo ilẹ̀ dáadáa, tó rí omi tó ń tàn láàárín òkúta, ojú náà ni yóò rántí.

Akọ̀wé-Ojú-Pátákó

Ojú kẹ̀! Ẹ ṣé, áfáà. Mélòó ni mo ti kùn síwájú ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ńlá méjì pẹ̀lú ìpéǹpéjú, tí mo sì kọ orúkọ olówó ọkọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú O mẹ́rin mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ojú ni mò ń tún kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹyinjú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò kùn ún sí i ni?

Ọmọ-Kéwú, Ìwó

Ó wà. Àwọn O àtijọ́ kan wà lára òkúta Gíríìkì tí wọ́n fi àmì bíńtín sí láàárín. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n pa á tì.

Nọ́ọ̀sì-Dublin

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, aláìsàn ti sùn, mo ń kà yín tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ibi tí mo wà yìí, O wà níbi gbogbo. Ó wà lára agolo atẹ́gùn oxygen. Ó wà lára àpò ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wà níléèwé: Karl Landsteiner tó kọ́kọ́ pín ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta ní Vienna ní 1901, A, B àti C ló pè wọ́n. C yẹn ni wọ́n wá sọ di O. Kò ní A, kò ní B, òfìfo. Ẹ̀jẹ̀ O, irú èyí tí a ń pè ní "negative", òun là ń sáré gbé bí ẹni tí jàǹbá ṣe bá dé tí a ò tíì mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òfìfo ló ń gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti orúkọ. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n fún mi ní ìwé orúkọ aláìsàn, mo rí "Ó" pẹ̀lú àmì ohùn òkè lórí rẹ̀, bí tiwa gẹ́lẹ́, níwájú orúkọ bàbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bíi Yorùbá. Ó... kí ló ṣe? Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò dé. Ìyá àgbà kan tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ọmọ-ọmọ ló túmọ̀ sí ní èdè Áyálándì. Ó Briain, ọmọ-ọmọ Brian. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba àmì orí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, O'Brien. Mo ní, "Màmá, wọ́n ṣe tiwa náà bẹ́ẹ̀." Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

Ará-Kétu, Bénin

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọ̀gá akọ̀wé, ká ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà, kò ní sí ìjà. Àwa kì í fi àmì sábẹ́ O. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ la ní fún un: ɔ. Ẹ wò ó, O tí ẹnu rẹ̀ là sí apá òsì. Owó, ɔwɔ́. Ọmọ iṣẹ́ ò lè gbàgbé rẹ̀ bí kò bá gbàgbé odidi lẹ́tà. Àmì abẹ́ tiyín yẹn, eruku lásán lè bò ó.

Faransé tí wọ́n sì fi kọ́ wa níléèwé, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Omi lédè wọn, e, a, u ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́ta. Bó bá di pípè, "o" ni. Wọ́n pe O láì sí O kankan níbẹ̀! Mo jẹ pàṣán lórí ọ̀rọ̀ omi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Màmá-Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi ará Kétu, o ṣeun. Lẹ́tà yín dára. Ṣùgbọ́n bó o bá kọ ɔ fún onígbàjámọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́kadà á ní Olúwa ti ṣẹ́ O rẹ̀ léti. Eruku tó bá bo àmì, ká nu eruku.

Akọ̀wé-Ojú-Pátákó

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ọmọ náà lánàá, lábẹ́ igi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ti "O ò lọ" dùn mọ́ ọn nínú, láti àná ló ti ń fi dá mi lóhùn. Ti ojú ló mú un dákẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ojú èèyàn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ìpéǹpéjú kúrò, ó fi ọwọ́ nu igun méjèèjì kúrò. Ó ń wo ohun tó kù.

Bàbá onígbàjámọ̀ kọjá lákòókò yẹn. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé tù ú lójú, mo sọ fún un pé ojú mẹ́ta ló wà lára pátákó rẹ̀ láti ayébáyé. Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n. Ó ní, "Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ṣé wọn ò rí i pé ẹ jẹ mí ní àmì méjì?" Ó ní ọjọ́ tí mo bá san àmì òun ni òun á san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́. Nírọ̀lẹ́, mo ní kí ọmọ gun àkàbà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ àmì sábẹ́ O méjèèjì, kó tún fi àmì ohùn sórí bí àyè bá gbà á. Èmi àti bàbá dúró nísàlẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ owó epo. Ó ti ń tọwọ́ bàpò. Mo gbójú sókè.

ỌWỌ́ ỌLÚWA.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe sí Olúwa?" Ó ní, "Ọ̀gá, mo ní kí ojú kẹta má baà máa jowú àwọn tó kù ni."

Bàbá ti da owó rẹ̀ padà sápò. Mo ti ní kí ọmọ lọ bu kẹrosíìnì wá kí ọ̀dà yẹn tó gbẹ.